Ìsọ̀ Ìbíwùnmí àti Ìwé Onígarawa

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdu

Mo dé Mòwé láàárọ̀ yìí. Ọlọ́kadà tó gbé mi wọ àdúgbò Lotto láti etí títì bi mí bóyá ọmọ ni mo fẹ́ lọ kí. Mo ní ìsọ̀ ìwé ni mo fẹ́ lọ ṣí. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọjú síwájú, kó má gbé wa sínú kòtò.

Ìbíwùnmí ọmọ mi, o ní kí n máa sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú fóònù nírọ̀lẹ́, ìwọ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí dókítà ní o ò gbọdọ̀ dìde lórí ẹ̀ títí wàá fi bímọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Bí mo bá bú èèyàn, kọ èébú náà síbẹ̀.

Mo ti ṣèlérí fún ọ, mi ò sì ní tún un sọ: ọjọ́ tó o bá gbé ọmọ dé, wàá bá ilẹ̀kùn ìsọ̀ ẹ ní ṣíṣí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta pákó ní Ifọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tó rò pé obìnrin kò mọ igi. Ìwé kò lè dẹ́rù bà mí. Igi náà ni wọ́n kúkú fi ṣe é.

Pátákó iwájú ìsọ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ́títí aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kángun sí tìrẹ, bá mi ka ohun tó o kọ sí i: “Ìsọ̀ Ìwé Obìnrin. Ìwé tí obìnrin kọ, fún ẹnikẹ́ni tó bá létí.” Mo ní, “Létí kẹ̀? Ṣebí ojú ni wọ́n fi ń kàwé?” Ó ní, “Màmá, bí Ìbíwùnmí ṣe kọ ọ́ nìyẹn.” Kò burú. Èmi létí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Oníbàárà àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ta epo ní ilé epo etí títì mú ìwé kan, ó bi mí kí ni ìtàn inú ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo ní, “Èmi ò mọ̀wé. Jókòó, ka ojú ewé kan fún mi, kí àwa méjèèjì lè mọ ohun tí mò ń tà.” Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó kà á. Ó ka ojú ewé kejì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó sanwó, ó sì ń kà á lọ lójú ọ̀nà títí ọlọ́kadà fi fọn fèrè mọ́ ọn.

Òfin mi nìyẹn láti òní lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé á ka ojú ewé kan fún mi. Mi ò ta pákó tí mi ò fi ìka lù gbọ́ rí, mi ò sì ní ta ìwé tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Òrùlé ń jò sórí àwọn ìwé ewì. Mo kó wọn kúrò, mo gbé ike síbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

O pariwo lórí fóònù pé mo da ìtò ìwé ẹ rú. Mi ò da nǹkan kan rú. Ábídí lo fi tò ó, èmi ò mọ ábídí. Àwòrán ẹ̀yìn wọn lèmi fi tò ó. Àwọn tó ní ojú obìnrin wà lókè, àwọn tó ní òdòdó wà láàárín. Àwọn tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ju ọ̀rọ̀ lọ wà nísàlẹ̀, torí wọn kì í tà. Bí ẹnìkan bá dárúkọ ìwé fún mi, mo máa ń ní kó sọ bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe rí. Títí di òní, mi ò tíì wá ọ̀kan tì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Ọmọ́títí ní ìsọ̀ fẹ́míníìsì ni àwọn èèyàn ń pe ibí. Mo ní kó sọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé títí pé àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ni, ó làágùn. Mo ní, “Ó yé mi. Olórí kunkun ni wọ́n ń pè é nígbà tìyá mi.”

Láti àná ni wọn ò ti tanná. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ọmọ́títí àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ gbé àga wá síwájú ìsọ̀, ìyá oníbúrẹ́dì náà gbé àtẹ ẹ̀ tì wá. Mo ní a ò ní jókòó lásán. Ọmọ́títí mú ìwé onígarawa, èyí tó ní obìnrin tó ru garawa lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ìtàn obìnrin kan ni. Ó máa ń sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun ń lọ síbi ìpàdé akọrin, ilé ló sì ń lọ kọ́. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá lónìí, márùn-ún lọ́jọ́ mìíràn. Omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì, òun ló ń fi orí ẹ̀ rù ú.

Ìyá oníbúrẹ́dì ní, “Akọrin tí kì í mú orin bọ̀ wálé! Ọkọ wo ni kò ní fura?”

Ọmọ́títí ní, “Ọkọ tí kò béèrè rí pé orin wo lẹ kọ.”

Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Òkúdu

A parí ìwé onígarawa. Wọ́n tanná nígbà tó ku bí ewé mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó dìde. Ẹni tó fẹ́ gba aṣọ ẹ̀ lọ́wọ́ Ọmọ́títí jókòó tì wá, ó gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní obìnrin náà ṣe é dáadáa, àwọn kan ní àwọn ì bá má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ náà. A jà á títí òjò fi pa búrẹ́dì. Èmi gbà pé ó ṣe é dáadáa.

Gbogbo ẹ̀dà tó wà lórí pákó ló tà. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ti ìsọ̀, èyí tí ọwọ́ gbogbo wa ti sọ di dúdú. Mi ò ní tà á.

Ọmọ́títí fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní òun ti rí háàfù púlọ́ọ̀tì kan ní Asese, owó tóun fi aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé pa ló wà lọ́wọ́ òun. Mo ní kó lọ wo ilẹ̀ náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí kò bá rì nínú oṣù Agẹmọ kò ní í rì mọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù Agẹmọ

Mo kó ìwé lọ sí Asese, mo tẹ́ ẹ sí tòsí àwọn mẹkáníìkì, níbi tí àwọn tó ń lọ sí ìsọjí ti máa ń dúró. Mẹkáníìkì kan fẹ́ ra ọ̀kan fún ìyàwó ẹ̀. Mo ní kó kà. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì ṣí i, ojú ewé mẹ́rin di dúdú. Mo ní, “O ti rà á nìyẹn.” Ó ní, “Màmá, ẹ gbọ́n o.” Mo ní kó má yìn mí, kó sanwó. Ọjà tà. Páálí méjì ni mo kó lọ, àpò ọwọ́ kan ni mo kó bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Hàkímù, ọkọ Ọmọ́títí, wọlé láìkí mi. Mo ń wò ó. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ìbàdí ń dùn.

“Ẹ káàsán, Màmá.”

“Káàbọ̀. Ìwé wo lo fẹ́?”

“Mi ò fẹ́ ìwé kankan. Ìwé yín ló ti wọ ilé mi. Ìyàwó mi ti lọ ra ilẹ̀ sí Asese láìsọ fún mi.”

“Ṣé owó ẹ ló kó?”

“Rárá. Owó iṣẹ́ ẹ̀ ni.”

“Ṣé ilẹ̀ náà rì ni?”

“Màmá, ọ̀rọ̀ kó rì kọ́ nìyí! Obìnrin tó bá ti kọ́lé, ta ló tún máa lè bá a sọ̀rọ̀?”

“Ìwọ náà kọ́lé. Ìyàwó ẹ ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níta bú sẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní fẹ́míníìsì la fi ń tú ilé onílé ká, òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà débi tó yẹ. Mo bi í bóyá ó ti ka ìwé náà. Ó ní kí lòun fẹ́ kà níbẹ̀. Mo gbé àga fún un, mo ní kó ka ojú ewé kan ṣoṣo fún mi. Ó pòṣé, ó lọ. Wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Bàbá Bádéjọ tó nilé ìsọ̀ wá. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì. Kò lè wò mí lójú.

Ó ní, “Màmá Ifọ̀, ẹ má bínú sí mi. Hàkímù ti gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síwájú ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù. Àbámẹ́ta tó máa kẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n máa dá a. Tí wọ́n bá ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, mo máa gbà á.”

“Tíṣà, kí ni Ìbíwùnmí ṣe fún yín?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi ò lè bá àdúgbò jà. Àwọn ló máa sin mí tí mo bá kú.”

“Ẹ ò tíì kú, Tíṣà.”

Ó dìde láti lọ. Ó gbé ìwé kan, ó wò ó lẹ́yìn, ó rọra dá a padà bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ikán ti wọ pákó ìsàlẹ̀. Mo da epo dísẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kò sì kún ìgò. Mo sọ fún ẹni tó tà á pé olè ni. Ó ní kí n lọ bá ìjọba wí.

Ẹtì, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

O sunkún lórí fóònù. Dá a dúró. Ẹkún kò dá ọjà sílẹ̀, kò sì dá ọjà padà. O ní ká wá ibòmíràn. Ibo? Ta ló máa fi ilé fún wa lẹ́yìn tí àwọn wọ̀nyí bá ti lé wa? Láti Ìbafò dé Asese ni gbogbo lándílọ́ọ̀dù ti mọ ara wọn.

Àwọn obìnrin fẹ́ tẹ̀ lé mi lọ sípàdé lọ́la, kí wọ́n gbé páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí dání. Mo ní kí wọ́n fi páálí sílẹ̀, òjò á pa á. Ìwé onígarawa nìkan ni mo máa mú lọ.

Mi ò bẹ̀rù àwọn ọkùnrin yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ ni kí n fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn tí mo ṣèlérí pé wàá bá ní ṣíṣí. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà, fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí dáadáa.

Iwájú ilé alága wọn, Ògúnkànmí, ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri. Ọkùnrin gidi ni Ògúnkànmí. Òun ló ṣáájú nígbà tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà àdúgbò. Hàkímù dìde, ó rojọ́ tó dùn. Ó ní obìnrin tó bá ti ka ìwé wa kì í gbọ́ràn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n yára dìbò, kí wọ́n lè bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà.

Mo dìde. “Alága, mo kí yín. Ta ló ti ka ìwé yìí nínú yín?”

Kò sẹ́nì kan. Mo kọjú sí ẹni tó rojọ́.

“Hàkímù, ìwọ ńkọ́?”

“Màmá, mo rí ohun tó fà nílé mi.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tó fà. Èmi ò mọ̀wé kà, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ tán kí n tó tà á. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà, ẹ sì fẹ́ dá a lẹ́bi láìgbọ́ ọ. Alága, àgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, kí là ń pè é?”

Ògúnkànmí rẹ́rìn-ín. “Òṣìkà ni, Màmá.”

“Ẹ jẹ́ kí ìwé náà rojọ́ tẹnu ẹ̀.”

Ó ní kí Hàkímù ka ojú ewé kan, ká lè kúrò níbẹ̀. Hàkímù ní òun ò mú awò ojú dání. Gbogbo wọn bá kọjú sí Tíṣà. Bàbá Bádéjọ fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́ méjèèjì, ó gba ìwé, ó dìde dúró bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Ìbíwùnmí, ọkùnrin yẹn lóhùn! Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti ní kó kàwé sókè láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Kò tíì ka ojú ewé kan tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá, tó ń lu páànù bí ẹni da òkúta sí i. Kò sẹ́ni tó lè lọ sílé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo, “Tíṣà, ẹ gbé ohùn sókè!” Wọ́n bá ń fa àga sún mọ́ ọn, títí wọ́n fi yí i ká bí àwọn tó ń yáná.

Ó dé ibi tí obìnrin náà ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ọ̀kan pariwo, “Kò jìn tó! Àkùrọ̀ ni ó pè é, ògiri á ya!” Ẹlòmíràn ní, “Dákẹ́, ilé tìrẹ ńkọ́, ṣé kò ya ni?” Wọ́n fẹ́ jà. Alága ní kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́. Ó kà á dé ibi tí bíríkìlà ti jí àpò sìmẹ́ńtì gbé, tó ní òjò ló pa á. Ẹnìkan fò dìde, ó na ọwọ́ sókè. “Irọ́ ló pa! Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ fún mi! Àpò mẹ́rin! Kí obìnrin yẹn má gbà o!”

Hàkímù ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn ló ń mi orí.

Ní ìparí orí kẹta, obìnrin náà ti kún ìpìlẹ̀ tán. Àwọn ọmọ onílẹ̀ bá yọ, wọ́n ń béèrè owó. Ẹni tó ṣáájú wọn, ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà wò ó lójú, ó ní, “Ṣé ìwọ kọ́ nìyí?” Tíṣà pa ìwé dé.

Alága ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró?”

“Orí kẹta ti parí.”

“Kí ni obìnrin náà wá sọ fún un?”

“Ó máa wà ní orí kẹrin, Alága.”

Ìgbà yẹn ni mo wo ìta. Òjò ti dá tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Alága gbé fìlà, ó dé e, ó tún ṣí i. Ó bi Tíṣà pé orí mélòó ló wà nínú ìwé náà. Tíṣà ní márùndínlọ́gbọ̀n. Alága ní, “Ẹjọ́ tí a ò tíì gbọ́ tán, a ò lè dá a. Orí kan la ó máa gbọ́ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, torí a ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Títí a ó fi gbọ́ ọ dópin, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ náà.”

Hàkímù dìde. Mo múra sílẹ̀ fún un. Ó ní, “Alága, ṣé a ò lè máa ka méjì?”

Wọ́n ní rárá. Tiransifọ́mà wà ńlẹ̀.

Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ Tíṣà, mo fi ìborùn wé e.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bí àwọn obìnrin ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wọlé tọ̀ mí wá. Gbogbo ọkọ àdúgbò ló ti ń bi ìyàwó ẹ̀ léèrè bí ìwé náà ṣe parí. Ọmọ́títí ní ti Hàkímù le jù: “Màmá, Bàbá Hikmah ò jẹ́ kí n jẹun! ‘Ìyá Hikmah, jọ̀ọ́, ṣé ọkọ ẹ̀ gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni kó o sọ.’”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní èmi kì í dá sí ẹjọ́ tó bá wà níwájú àwọn lándílọ́ọ̀dù.”

Ìyá oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé búrẹ́dì. A bá fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀: ẹni tó bá sọ ìparí ìwé onígarawa fún ọkọ ẹ̀, kó má wá síwájú ìsọ̀ yìí mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ògún

Alága Ògúnkànmí wá, ó fa fìlà bojú. Ó fẹ́ ra ìwé onígarawa. Mo ní ó ti tán. Ó ní ti ìsọ̀ ńkọ́. Mo ní, “Alága, ẹlẹ́jọ́ ni ìwé yẹn. Ṣé adájọ́ máa ń lọ bá ẹlẹ́jọ́ jókòó ní kọ̀rọ̀ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo mú òun. Ojú tì í láti lọ lọ́wọ́ òfo, ó mú ọ̀kan nísàlẹ̀, nínú àwọn tí kò láwòrán. Ó ka ojú ewé kan fún mi. Ó dùn! Mo ti gbé ọ̀wọ́ ìwé náà lọ sókè.

O ní o lè béèrè onígarawa púpọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Má béèrè. Nígbà tí pákó ọmọ̀ bá wọ́n ní Ifọ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń jí wá kí mi.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Ògún

Ìpàdé kún ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kì í wá rí wá. Hàkímù mú awò ojú ẹ̀ dání, ó ní Tíṣà ti ṣe é lóṣù tó kọjá, kí wọ́n jẹ́ kóun náà kà. Ó kà á. Tó bá kan obìnrin náà láti sọ̀rọ̀, ohùn Ọmọ́títí ló ń yọ lẹ́nu ẹ̀, kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Orí kẹrin parí síbi tó burú. Wọ́n kùn. Wọ́n sún un síwájú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù Ọ̀wẹwẹ̀

O bí obìnrin. Mo gbọ́ igbe ẹ̀ lórí fóònù. Ohùn ẹ̀ dára.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

O gbé e dé lónìí, o sì bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Mi ò fẹ́ ọpẹ́. O sunkún, mo sọ fún ọ pé kó o má dà á sórí ìwé. Ọmọ́títí gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ, Tíṣà náà yọjú, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ ayálégbé òun wá kóun wò ó. Ọmọ́títí ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Asese. Hàkímù ló lọ dúró ti bíríkìlà, ó ń ka àpò sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́.

O bi mí pé ìgbà wo ni ẹjọ́ máa parí. Wọ́n ka orí karùn-ún níjẹta. Ìwọ fúnra ẹ ka èyí tó kù fún mi: ogún. Oṣù kan, orí kan. Ọmọ yìí á ti máa rìn kí wọ́n tó gbọ́ ọ tán. Tó bá jẹ́ èmi ló jọ, á ti máa fèsì.

Mò ń padà sí Ifọ̀ lọ́la. Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Ìwé náà wà nínú ìborùn mi lábẹ́ tábìlì. Ọjọ́ ìpàdé nìkan ni kó o máa gbé e jáde. Hàkímù á tún wá bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n ka méjì.